Ṣòkòtò Àwọn Tó Ń Lù Ú Kọjá Ọgbà

Ohun tí mo mọ̀ nípa bésíbọ́ọ̀lù, ara ṣòkòtò ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ kan ní Torino nígbà tí a ṣì ń ná lira. Iṣẹ́ gidi ni eré náà jẹ́ fún àwọn kan nínú wọn, owó oṣù ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀; àwọn tó kù ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Yàrá ìfọṣọ mi wà lábẹ́ ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan a sì máa fò kúrò láyè ẹ̀ bí aṣọ bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá pariwo lókè, mo máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí aṣọ á fi dé.

Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, orí iyẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n sì ti ń ṣeré. Ẹni tó dá irú àbá bẹ́ẹ̀ kò fọ aṣọ ara ẹ̀ rí. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá nínú wọn a máa sáré láti ibùdó kan sí òmíràn, tó bá sì kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibẹ̀, wọn á ju ara wọn sílẹ̀, wọn á fi ìdí tàbí àyà wọ́ débẹ̀. Ṣòkòtò irú wọn á dé ọ̀dọ̀ mi bíi ti ẹni tó lọ po amọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, torí omi gbígbóná ló ń jẹ́ kí pupa náà wọ inú òwú lọ pátápátá. Màá da aceto sí i, omi kíkan tí àwọn ará ibẹ̀ ń dà sórí ewébẹ̀ tútù, lẹ́yìn náà ni màá wá fi ọṣẹ líle àti búrọ́ọ̀ṣì gbo orúnkún ẹ̀ títí ìka mi á fi bó.

Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn alágbára kì í dọ̀tí. Àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà ni mò ń sọ. Tí bọ́ọ̀lù bá ti fo ọgbà, fuoricampo ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó lè lé ẹni tó lù ú mọ́. Á kàn rọra yí gbogbo ibùdó po, á fẹsẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì padà wá jókòó. Tó bá fi igi gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á ní kó máa lọ, á tún padà wá jókòó. Bó bà á, bó tàsé ẹ̀, ilẹ̀ ò kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn nìyẹn, kì í ṣe nítorí eré. Nígbà mìíràn tí mo bá kírun tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ gbogbo ẹgbẹ́ náà di alágbára.

Ó ń rẹ̀ mí nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi gbólóhùn kan sọ àwọn ọdún yẹn, ìyẹn ni màá sọ. Láàárọ̀, mo wà ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Settimo, níbi tí a ti ń to ọṣẹ sínú páálí lórí ìdúró. Lọ́sàn-án, bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, yàrá ìfọṣọ. Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n ń ṣeré, nítorí náà mi ò ní Sátidé, mi ò sì ní Sọ́ńdè. San Salvario là ń gbé, àjà kẹrin. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé èèyàn gòkè ti bàjẹ́ kí a tó kó débẹ̀, onílé sì ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún un ṣe. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, iṣẹ́ turni, ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí àtẹ̀gùn la ti ń pàdé, èmi ń gòkè, òun ń sọ̀ kalẹ̀. A ó kíra wa kú iṣẹ́, a ó sì kọjá.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí nígbà náà, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Torino ni mo bí i sí. Mi ò rí ẹni tí màá fi í sílẹ̀ fún lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ibi tí mo bá ń lọ ló ń lọ. Yorùbá ni mo ń bá a sọ, Italian ló fi ń dá mi lóhùn. Mo bá a wí títí, ó sú mi, mo fi í sílẹ̀. Èmi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, òun á wà lókè létí ọgbà pẹ̀lú quaderno, ìwé kan tó ń kọ gbogbo ẹni tó bá lu fuoricampo sí. Ọkùnrin tó ni bar ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń tọ́jú ìwé ìròyìn ọjọ́ Mọ́ńdè dè é. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo bá ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ọmọ mi á ka orúkọ àwọn tó wà lókè fún mi, á sì sọ ibi tí ìwé ìròyìn ti ṣì í kọ. Lójú tiẹ̀, quaderno òun ni kò lè ṣìṣe.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin mẹ́ta ló ń du ipò kìíní nínú fuoricampo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan wà ní Padova, ọmọ Italy ni, ó sanra, ọrùn ẹ̀ nípọn, wọ́n ní bàbá ẹ̀ ní ilé búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n wá bá wa ṣeré, bọ́ọ̀lù kan tó lù fò jáde bọ́ sínú àgbàlá ìyá arúgbó kan, ìyá náà sì fárígá pé òun ò ní dá a padà, torí ewébẹ̀ òun ti bàjẹ́. Èkejì wà ní Bologna, òyìnbó Amẹ́ríkà onírùngbọ̀n pupa. Tirẹ̀ ni pé bó bá ju igi tí kò ba bọ́ọ̀lù, agbára tó fi jù ú á yí òun fúnra ẹ̀ po, á sì ṣubú. Òun nìkan ni alágbára tí mo gbọ́ pé ṣòkòtò ẹ̀ ń dọ̀tí, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Ẹnì kẹta ni tiwa. Ará Amẹ́ríkà lòun náà, ṣùgbọ́n èèyàn dúdú bíi tèmi, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló máa ń yọ sọ́kìsì ẹ̀ dáadáa kó tó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá ṣe bọ́ ọ tó yí inú síta náà ni. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá kan tọ́ ìyẹn. Ọ̀dà dúdú kan wà tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ igi kó má baà máa yọ̀, igi náà ni wọ́n sì ń gbé lé èjìká bí wọ́n bá ń dúró de bọ́ọ̀lù. Èjìká ọ̀tún ni ọ̀dà ti máa ń ta sí aṣọ àwọn tó kù. Tiẹ̀, èjìká òsì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi ọṣẹ gbo èjìká òsì yẹn, mi ò sì bi ara mi léèrè ìdí ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ọwọ́ ọmọ mi. Láti ìgbà tó ti ń rá ló ti ń na ọwọ́ òsì sí nǹkan. Mo gbá a títí, ó ń gbàgbé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Mestre, níbi tí wọ́n ti ní ìsọ̀ kékeré ní Via Piave. Mo ní kí ọmọ gbé omi fún wọn. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e lọ. Wọn ò gbà á. Ife wà lọ́wọ́ ọmọ, omi ń dà sílẹ̀, wọ́n sì ń wò mí, wọn ò wo ọmọ. Wọ́n bèèrè bóyá iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè kọ́ ọ. Kí oṣù yẹn tó parí, ìyá ọkọ mi ti gbọ́ nílé, àbúrò mi náà ti gbọ́, gbogbo wọn ló ń bá mi sọ ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí èmi náà mọ̀ pé bí a bá délé, wọn ò ní sọ pé ọmọ náà ni kò gbọ́n, èmi ni wọ́n máa sọ pé mi ò kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti dojú ìjà kọ ọwọ́ yẹn. Bí a bá ń jẹun, màá fi sọ́kìsì bò ó, màá so ó lọ́rùn ọwọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo ní ọ̀tún ni kó máa fi kọ̀wé. Olùkọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní ọmọ náà ń lọ́ra, ìwé ẹ̀ wọ́, pé kí n jẹ́ kó lo èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ní "Sì, sì, signora," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ìyáàfin, mo sì lọ ṣe tèmi nílé. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bó bá gbé nǹkan fún àgbà, ọ̀tún ni, bó bá ń jẹun, ọ̀tún ni. Mo gbà pé iṣẹ́ ti parí, inú mi sì dùn sí i. Kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé nílùú yẹn tó yọrí, àfi èyí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn eré, ọkùnrin tiwa sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìfọṣọ. Ẹnì kan ti mú bọ́ọ̀lù tó lù kọjá ọgbà lọ́jọ́ náà wá fún un, ó sì ti gbọ́ pé ọmọ mi ń kọ orúkọ òun sílẹ̀, nítorí náà ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà ta á lọ́rẹ. Ó nà án sí mi kí n bá a gbà á. Ọwọ́ òsì ni. Mo káwọ́ mọ́ àyà. Ká ní òyìnbó ni, ǹ bá sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn dúdú, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ sọ́kìsì! Mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ fún un pé níbi tí mo ti wá, a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì. Kò bínú. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án, ó gbé bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún, ó tọrọ àforíjì, ó sì fún mi. Ó wá ní òun ò ní òmíràn tó wúlò, pé ọwọ́ tí mi ò gbà yẹn ló lu bọ́ọ̀lù náà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ èjìká ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ọmọ mi bi mí léèrè, "Perché lui sì e io no?" Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun lè lò ó, èmi ò lè lò ó? Mo ní kì í ṣe ọmọ ilé wa. Ó ní ṣebí mo ní ìyá kan tọ́ ọ. Mo ní kó lọ bá mi ká aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sọ́kìsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lórí okùn. Mo máa ń ká wọn ní méjì méjì bíi bọ́ọ̀lù kékeré, tí mo bá sì kà wọ́n, ọ̀kan á dín. Mo rò pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jáde láti sá aṣọ, mo sì rí ọmọ mi lẹ́yìn yàrá pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀. Ó ju sọ́kìsì sókè, ó sì lù ú. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń di igi mú, ṣùgbọ́n ìhà tí èèyàn bá dúró sí la fi ń mọ ọwọ́ tó ni agbára. Mo ti mọ ìyẹn nígbà náà. Ìhà òsì ló dúró sí. Sọ́kìsì náà kọjá lórí okùn aṣọ, ó kọjá ògiri, ó lọ. Kò fi ipá ṣe é rárá. Mi ò tíì rí i kí ọmọ mi ṣe ohunkóhun pẹ̀lú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ń kọ orúkọ ara ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ máa ń yọ síta nítorí wàhálà. Mo dúró, ó dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ síbẹ̀, mo gba igi náà, mo yí i sí ìhà kejì, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé orí òsì. Mo ní bó bá fẹ́ ṣe é, bó ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó ń ṣe irú eré yìí, èyí tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ tóbi díẹ̀, obìnrin kan ló sì ń kọ́ wọn. Obìnrin náà ti rí ọmọ mi lọ́pọ̀ ìgbà létí ọgbà pẹ̀lú quaderno ẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní ààyè kan ṣoṣo ló kù nínú lista, ìwé orúkọ tọdún tó ń bọ̀, Mọ́ńdè lòun máa fi ránṣẹ́, ọmọ méjì ló sì wà lọ́kàn òun. Eré tó parí ọdún máa wáyé ní Padova. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa jẹ́ kí àwọn ọmọ lu bọ́ọ̀lù díẹ̀, ibẹ̀ lòun á ti wo àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti gbọ́ ni oúnjẹ ò ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ń gbé quaderno sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi rí tó jẹ́ pé ó ń pa ojú dé bó bá ń tọrọ ẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, eré lásán ni. Bóyá màá gbọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti fóònù láti Mestre. Wọ́n ní Padova ò jìnnà sí àwọn, pé àwọn á wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí ọmọ. Ara mi kò gbà á pé kí wọ́n tún bá a nídìí ọwọ́ òsì lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jà. Mo pe ọmọ náà, mo mú un jókòó. Mo ní ó lè lọ lu bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìhà ọ̀tún ni kó dúró sí o, kó ṣèlérí fún mi. Ó ní ó dáa, òun ṣèlérí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni pullman, bọ́ọ̀sì ńlá, kó gbogbo wa lọ sí Padova, èmi, ọmọ mi, ọmọ kejì, obìnrin tó ń kọ́ wọn, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àpò aṣọ wọn. Wọ́n mú mi dání kí n lè fọ aṣọ Sátidé fún ti Sọ́ńdè. Títí Sátidé fi parí, ọkùnrin tiwa àti ti Padova dọ́gba lókè, ti Bologna ń tẹ̀lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́. Ọmọ mi ti kọ orúkọ méjèèjì sí ìlà kan náà nínú quaderno, ó ní òun ò mọ ẹni tí òun á kọ sókè.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láàárọ̀ Sọ́ńdè pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú kúlà. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní kó gbé omi wá, ó gbé e wá, ọwọ́ ọ̀tún, ó fi òsì ti apá ọ̀tún bí mo ṣe kọ́ ọ. Wọ́n gbà á, wọ́n mu ún tán, wọ́n wo ojú mi.

"Ìyàwó, o ṣiṣẹ́," wọ́n ní. "Ẹnu mi ló sọ ti àná, ẹnu mi náà ló máa sọ ti òní fún wọn nílé."

Orí mi wú. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn, n kò sì mọ bó ṣe ti wúwo tó lọ́kàn mi títí mo fi gbọ́ ọ. A jókòó pa pọ̀ létí ọgbà, oòrùn ń mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ.

Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ni wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kejì tó ń du ààyè náà ló kọ́kọ́ lù, ọmọbìnrin Torino kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ba mélòó kan, kò jìnnà. Mo sọ lọ́kàn mi pé ohun tí ọmọ mi ṣe sí sọ́kìsì yẹn ju èyí lọ fíìfíì. Ó wá kàn án. Ó rìn lọ sí ìhà ọ̀tún, ó gbé igi náà sókè. Èkíní kọjá, kò bà á. Ó wò mí. Èkejì kọjá. Ó tún wò mí. Igi náà wúwo lọ́wọ́ ẹ̀, apá ẹ̀ ń dojú rú bí ìgbà tó bá ń kọ̀wé. Ìkẹta, ìkẹrin.

Ọkùnrin tiwa wà nítòsí, ó ń na ara. Ó rìn wá síbi ọgbà tí mo wà, ó tẹ̀ ba, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Signora, ìhà tó dúró sí yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Mo ti rí i tó ń lù ú lẹ́yìn yàrá yín. Ẹ sọ fún un kó yí padà. Kò ní gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ̀yin ló ń wò."

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, wọ́n bi mí léèrè ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Mo ní ó ń kí wa ni. Wọ́n ní kó máa ṣe dáadáa, wọ́n sì juwọ́ sí i. Ó wò mí, ó kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi ṣì ń wò mí. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló kù. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n na ìka kan sí ìhà kejì, kò tilẹ̀ nílò kí n la ẹnu. Mo mi orí sí i pé ó ń ṣe dáadáa, kó máa bá a lọ.

Ó sì ń bá a lọ. Nínú mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo ló bà, ó yí lọ síwájú díẹ̀, ó dúró. Obìnrin tó ń kọ́ wọn fọwọ́ kàn án léjìká, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ kọ orúkọ ọmọ kejì. Kò ṣe ìrẹ́jẹ, ohun tó rí ló kọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ó tún dáa bẹ́ẹ̀, kí ọmọ obìnrin fojú sí ìwé ẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, mo sì bu mọ́ínmọ́ín fún wọn.

Lọ́sàn-án ni àwọn àgbà ṣeré. Ó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ńlá, èrò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ajubọ́ọ̀lù kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tó fẹ́ kó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa lù gba ipò kìíní. Bó bá ti kan ọkùnrin tiwa, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí ìta, níbi tí igi ò lè dé, títí wọ́n á fi ní kó máa rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá kan ti Padova, àwọn tiwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn èèyàn ń súfèé, wọ́n ń bú wọn. Àwọn méjì tó lágbára jù lọ dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́ látìgbà tí oòrùn ti wà lórí títí ó fi yẹ̀, kò sẹ́ni tó fún wọn ní bọ́ọ̀lù kan tó ṣeé lù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bèèrè bóyá báyìí ni wọ́n máa ń ṣe é. Mo ní rárá. Kí eré tó parí, ọkọ̀ ojú irin wọn ti tó àkókò, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà fún mi.

Mo kó aṣọ jọ. Ṣòkòtò ọkùnrin tiwa mọ́ bí ẹni pé kò wọ̀ ọ́ rárá, èjìká òsì ẹ̀wù ẹ̀ nìkan ló ní ọ̀dà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò dúpẹ́ fún aṣọ tó mọ́. Nínú pullman, awakọ̀ tan rédíò, a sì gbọ́ pé onírùngbọ̀n pupa ti Bologna ti lu méjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọjá àwọn méjèèjì, òun ló wà lókè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tiwa fi fìlà bojú, ó ti sùn tàbí kó máa ṣe bíi pé ó ti sùn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ń retí ẹkún láti Padova, mo ti mú ìnujú dání. Kò sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà lórí pápá àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ojú ẹ̀ dán, bí ọmọ tó fẹ́ fi ìwé ìdánwò hàn.

"Non l'ho usata mai, mamma. Hai visto?" Òun ò lo ọwọ́ òsì rárá, ṣé mo rí i.

Mo ní mo rí i.

Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ńkọ́, ṣé àwọn náà rí i.

Mo ní wọ́n rí i, inú wọn sì dùn gan-an. Inú tiẹ̀ náà dùn nígbà náà. Ó fi orí ti èjìká mi, ó sì sùn títí a fi dé Torino. Èmi tí ó rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ ò lè sùn, torí pé ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ ń tì mí.